Àlàfo Tí Ojú Kò Rí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà jọ sínú kọ̀ǹpútà, yálà ní Kétu, ní Sábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́, bọ́tìnnì kékeré kan wà tí ó lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù jẹ́. Òun ni Tab, èyí tí ọfà méjì wà lójú rẹ̀, ní apá òsì àtẹ ìtẹ̀wé.

Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ á sún síwájú. Ṣùgbọ́n kí ni ó wọ inú fáìlì? Bí a kò bá yí ètò wọn padà, Vim á fi àmì Tab kan ṣoṣo síbẹ̀. VS Code á fi àlàfo rọ́pò rẹ̀. Lójú wa, ìbejì ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kò bá ara wọn tan.

Ẹni tí ń kọ èdè Python yóò tètè mọ̀. Ìsúnwọlé ìlà jẹ́ ara gírámà èdè náà. Bí ẹnì kan bá fi àlàfo 4 bẹ̀rẹ̀ ìlà kan, tí ẹnìkejì fi Tab bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀lé e, Python 3 kò ní gbà: TabError ni yóò kọ síta. Àlàfo 4 ni PEP 8, ìwé ìlànà wọn, ní kí a máa lò.

Ẹ má tìtorí èyí sọ gbogbo Tab di àlàfo o. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a kọ ní ọ̀nà TSV, tí Yorùbá wà ní òpó kan, tí Faransé wà ní èkejì, àmì Tab gan-an ni ààlà. Bí àlàfo bá gba ipò rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ á lẹ̀ mọ́ra, nítorí àlàfo ti wà láàrin ọ̀rọ̀ Faransé fúnra wọn tẹ́lẹ̀. Python á pariwo. TSV á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni mo bẹ̀rù jù, torí pé àgbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún wa lè má sí mọ́ lọ́jọ́ tí a bá rí àṣìṣe náà.

Ẹ jẹ́ kí ojú yín rí i. Nínú VS Code, ẹ fi editor.renderWhitespace sí all: àlàfo á di àmì tóótòòtó, Tab á di ọfà. Nínú Vim, ẹ kọ :set list. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ fáìlì kan tí ó ń jẹ́ .editorconfig sínú àpò iṣẹ́ yín:

root = true

[*.py]
indent_style = space
indent_size = 4

[*.tsv]
indent_style = tab

VS Code nílò àfikún EditorConfig kí ó tó lè kà á. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fi àkójọ náà ránṣẹ́ sí, ẹ fi fáìlì yìí kún un.