Ẹ Tú Okùn Yẹn Kúrò Lára Ilẹ̀kùn Jíìpù

Ẹni tó ń fokùn so ilẹ̀kùn jíìpù ògbólógbòó rẹ̀, kó má pè é lọ́gbọ́n o. Bí ìjàǹbá bá dé, ta ló máa tú okùn fọ́mọ tó wà lẹ́yìn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá a gbàà-gbàà náà ńkọ́? Ọjọ́ ogbó kọ́! Lọ́pọ̀ ìgbà, gíríìsì tó ti gan mọ́ eruku ni kì í jẹ́ kí ẹnu lọ́ọ̀kù padà sípò. Ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ fi skrudiráfà tì í: kó dún kọ́, kọ́. Ìkíní nìkan kò tó. Ẹ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn kó tú, kẹ́ ẹ wá fi gíríìsì tuntun sí i. Bó bá ṣì ń kọ̀, ẹ wo irin ara òpó tí lọ́ọ̀kù ń há mọ́. Bó bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Èwo wá ni ti mẹkáníìkì tó ní odidi ilẹ̀kùn la máa rà?