Bọ́ọ̀lù Ọjọ́ Ìsinmi àti Ìgbàgbọ́ Wa

Ní Sátidé kan lóṣù tó kọjá, bọ́ọ̀lù ba ọmọ mi ọkùnrin lọ́wọ́, ó sì yí wọnú àwọ̀n. Rẹfirí ò rí i, ó fọn fèrè pé góòlù ni. Ọmọ ọdún 12 yìí bá rìn lọ bá a, ó ní, "Ó bà mí lọ́wọ́." Wọ́n fagi lé góòlù náà, ẹgbẹ́ wọn sì fìdí rẹmi. Bàbá kan pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé, "Ta ló bi ẹ́ léèrè?" Èmi ni bàbá náà o. Lọ́jọ́ kejì, èmi kan náà ni mo dúró níwájú kíláàsì àwọn àgbà nílé ìsìn, tí mò ń kọ́ wọn nípa òtítọ́.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí àríyànjiyàn tó wà nínú ilé ọ̀pọ̀ wa nílùú Ọba níbí. Sọ́ńdè láàárọ̀ ni wọ́n máa ń fi púpọ̀ nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé sí, ìgbà náà gan-an la sì máa ń wà nínú ìsìn. Ẹgbẹ́ kan ní kí ọmọ mi wá máa gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo kọ̀. Mo wá sọ ìtàn Eric Liddell fún un, bí àwa bàbá onígbàgbọ́ ṣe máa ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ará Scotland ni, àmọ́ Tientsin ní ilẹ̀ Ṣáínà ni àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ míṣọ́nnárì, bí i sí ní 1902. Nígbà tí wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ mítà 100 ti Òlíńpíìkì Paris sí ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 6 oṣù Keje 1924, ó ní òun ò ní sá a. Kì í ṣe ìgbà tó ku díẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, bí fíìmù Chariots of Fire ti 1981 ṣe fi hàn. Ó ti mọ̀ láti ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, ó sì múra sílẹ̀ fún mítà 400. Ó gba wúrà níbẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ní ìṣẹ́jú àáyá 47.6.

Ọmọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó bi mí pé, "Dádì, lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?" N ò mọ̀. Ibi tí wúrà ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni ìtàn náà ti máa ń parí lẹ́nu mi.

Mo lọ kà á. Ní 1925, Liddell padà sí Ṣáínà lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ogun le, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ tó lóyún kó àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì lọ sí Kánádà ní 1941, òun dúró. Ní 1943, àwọn ọmọ ogun Japan kó òun àti àwọn àjèjì mìíràn sí àgọ́ Weihsien. Níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní sáyẹ́ǹsì, ó ń ṣètò eré ìdárayá fún wọn, àfi lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan. Àwọn ọ̀dọ́ bá lọ gbá họ́kì lọ́jọ́ Ìsinmi láìsí rẹfirí, ó di ìjà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Liddell fúnra rẹ̀ ló jáde lọ ṣe rẹfirí fún wọn. Ọkùnrin tí kò tìtorí wúrà sáré lọ́jọ́ Ìsinmi ló tìtorí ọmọ ọlọ́mọ wọ pápá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó kú sínú àgọ́ náà ní oṣù Kejì 1945, lẹ́ni ọdún 43. Kò fojú kan ọmọ rẹ̀ kẹta rí.

Ìdajì ìtàn ni mo fi dá ọmọ mi lẹ́kun.

Ẹlòmíì wà tí èmi ò lè gbàgbé. Hansie Cronje, ọ̀gá ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì South Africa, kò fi ẹ̀sìn rẹ̀ pamọ́: ẹ̀gbà tó ń béèrè ohun tí Jésù ì bá ṣe wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ní 2000, ó jẹ́wọ́ pé òun gba owó lọ́wọ́ àwọn oní-tẹ́tẹ́, wọ́n sì lé e kúrò nídìí kíríkẹ́ẹ̀tì títí ayé. N ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 2002. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé n ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ayédèrú ni ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó gbàgbọ́ tọkàntọkàn. Nídìí iṣẹ́ ẹnjiníà tí mò ń ṣe, a kì í wo ọ̀dà ara ògiri ká tó mọ̀ bóyá kọnkéré lágbára. A máa ń bu díẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù. Tó bá pé ọjọ́ 28, a ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, a ó sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́.

Tiwa náà ni Bukayo Saka, tí wọ́n bí ní Ealing, London, ní 2001. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun máa ń ka Bíbélì lálaalẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2021, ní Wembley, òun ló gbá pẹ́nárítì tó kẹ́yìn sí Ítálì, ọmọ ọdún 19. Aṣọ́lé mú un. Èébú tí wọ́n bú u lórí ayélujára nítorí àwọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin náà rí i. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 2024, nígbà tí England àti Switzerland pàdé, òun ló gbá góòlù tó mú wọn dọ́gba, ó tún jáde lọ gbá pẹ́nárítì, ó sì wọlé. (Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé sí ọjọ́ tí Liddell kọ̀ láti sáré!) Lójú tèmi, jíjáde yẹn ni nǹkan. Ká ní ó tàsé ẹlẹ́ẹ̀kejì, n ó ṣì kí i kú akin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi í ṣe àpẹẹrẹ láti orí pẹpẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé ọjọ́ Ìsinmi ló ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo ní ẹjọ́ kan bá àwọn pásítọ̀ wa rò. Tó bá di ọjọ́ ìdúpẹ́, ọmọ tó gba ife ẹ̀yẹ là ń pè síwájú kó jó. Ọmọ tí ẹgbẹ́ ńlá já sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tó ń sunkún nínú yàrá, ta ló ń pe òun? Ọmọ tó sọ òtítọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi pàdánù, n ò tíì rí i kí wọ́n gbàdúrà fún un rí.

Ní tilé mi, mo ti bẹ ọmọ náà pé kó má bínú. Kò rọrùn o. A sì fẹnu kò pé yóò máa gbá bọ́ọ̀lù Sọ́ńdè lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, yóò sì bá wa lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ ò ní gbà pẹ̀lú mi. Ẹ kọ̀wé sí wa. Ìyàwó mi ní tí mo bá ń tẹ̀ lé e lọ sí pápá, òun náà á máa wá, kóun lè máa ṣọ́ ẹnu mi.