Kí A Tó Da Sìmẹ́ńtì Bo Ẹ̀yìnkùlé

  Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni a fẹ́ sọ lóṣù yìí.

Ìjà kékeré kan wà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlá Ọ̀ràngún àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà wa, kódà nínú ilé àwọn onígbàgbọ́. Bàbá ilé á ní ẹrẹ̀ ti sú òun, igbó ti sú òun, kí wọ́n da sìmẹ́ńtì bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé kí ojú ilẹ̀ lè mọ́. Ìyá ilé á dáhùn pé, "Dádì, níbo ni kí n ti máa já ewúro?" Bí wọ́n bá dákẹ́ lálẹ́, ọ̀rọ̀ náà á tún bẹ̀rẹ̀ bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló jàre. Ẹrẹ̀ kò dára, ejò sì máa ń sá sínú igbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tí a kò rí já lẹ́yìnkùlé, owó la ó fi rà á lọ́jà, lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀yìnkùlé tí kò tóbi, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 20. Bí ẹ bá fẹ́ da kọnkéré bò ó kí ó nípọn tó ínǹṣì mẹ́ta, nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá ni yóò lọ sí i, láìka yanrìn, òkúta àti owó bíríkìlà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àpò kan ṣoṣo kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ná gbogbo owó yẹn tán, tó tún wá ń fi owó ra tẹ̀tẹ̀ ní ìdì kọ̀ọ̀kan lórí àtẹ, ó ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láàárín wa kò tíì gbàgbé ọdún 2015 sí 2018, tí apá kan owó oṣù ni àwọn tó wà ní ìpele òkè ń gbà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó ní ewúro àti gbúre lẹ́yìn ilé nígbà náà mọ ohun tí mò ń sọ.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe tuntun. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀ ní 1976, wọ́n ní kí olúkúlùkù gbin nǹkan sí àyíká ilé rẹ̀. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é kí ìjọba kankan tó sọ ọ́. Áhábù ọba pàápàá mọ̀ pé ẹ̀bá ilé ló yẹ kí ọgbà ewébẹ̀ wà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú ọgbà, inú ìwọra ló wà, nítorí ilẹ̀ onílẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe é. Ti tiwa ni kí a lò.

Báwo wá ni a ṣe lè tún ẹ̀yìnkùlé tò kí inú bàbá dùn, kí ìkòkò ọbẹ̀ ìyá má sì gbẹ?

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí ẹ wo ibi tí oòrùn ń dé láàárọ̀ àti ibi tí òjìji ilé ń bò. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ dúró lójú fèrèsé kí ẹ wo ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà. Ilẹ̀ wa ní ìdagẹ̀rẹ̀ púpọ̀, pàápàá lọ́nà Òkè-Ìlá, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹrẹ̀ tí a ń bá jà kò ju pé omi òrùlé kò rí ọ̀nà tó dára gbà. Bí ẹ bá gbẹ́ ojú àgbàrá tóóró kan, tí ẹ sì to òkúta pẹlẹbẹ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé balùwẹ̀ àti ibi okùn ìsáṣọ, ẹrẹ̀ ti tán láìlo àpò sìmẹ́ńtì kan. Òkúta kò wọ́n lọ́dọ̀ wa, kìkì pé kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin inú ilé lè gbé e.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Ṣé ẹ ti kíyè sí i pé nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ohun tí a fi yí ilẹ̀ ká àti ilẹ̀ tí a yí ká? Ọgbà ni méjèèjì. Ibi tí kò bá ti ní ọgbà, kò lè jẹ́ ọgbà. Ewúrẹ́ aládùúgbò á fi ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ ohun tí ẹ fi oṣù méjì gbìn, á sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé méjì. Nítorí náà, bí owó kékeré kan bá wà lọ́wọ́, ibi ọgbà yíyíká ni kí ó lọ. Ẹ fi igi akòko, pèrègún tàbí làpálàpá gún un yí ká níbẹ̀rẹ̀ òjò, nítorí gbogbo wọn ló ń hù bí a bá gé wọn gún mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá oparun dí àlàfo wọn títí wọn yóò fi gbilẹ̀. Ẹran kì í fẹ́ jẹ làpálàpá, ṣùgbọ́n májèlé ni kóró èso rẹ̀. Ilé tó bá ní ọmọ kéékèèké, kí ó lo akòko tàbí pèrègún. Ẹ lè gbin ewúro sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà láti inú. Igi rẹ̀ tí a gé ni a ń gún mọ́lẹ̀, tó bá sì ti mú, ọdún púpọ̀ ni a ó fi máa já a.

Nínú ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 20 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀dì méjì ló máa gbà dáadáa. Kí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, nítorí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan gbọ́dọ̀ lè na ọwọ́ dé àárín láìtẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ fi poro ẹsẹ̀ bàtà 2 sí àárín méjèèjì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Kí gígùn wọn jẹ́ 16, kí ẹsẹ̀ bàtà 4 tó kù lókè wà fún dúrọ́ọ̀mù omi àti ààtàn. Kí bẹ́ẹ̀dì dábùú ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, kí àgbàrá má baà wọ́ ọ̀rá ilẹ̀ lọ. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù yí i ká. Igi ọ̀pẹ tó ti wó tàbí òkúta tó o.

Ibi ààtàn yẹn ni ajílẹ̀ yín yóò ti wá, lọ́fẹ̀ẹ́. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ kó wọn jọ síbẹ̀, ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ sì máa yí i padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní bí oṣù méjì sí mẹ́ta, yóò ti dúdú, òórùn rẹ̀ yóò sì ti lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ tí kò tíì jẹrà, ẹ má dà á sí ìdí ẹ̀fọ́, yóò jó o pa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọgbà jìnnà sí ṣáláńgá. Bí kòkòrò bá dé, omi ewé dóńgóyárò tí a gún, tí a rẹ di ọjọ́ kejì, tí a sì sẹ́, ni kí ẹ wọ́n sí i. Oògùn olómi tí a fi ń pa ẹ̀fọn àti aáyán nínú ilé kò gbọdọ̀ kan ohun tí a ó jẹ. Kì í ṣe lásán ni NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà gbangba ní 2019.

Kí ni a ó gbìn? Ibí ni àwọn mìíràn ti ń ná owó tí kò yẹ. Wọ́n á ra irúgbìn tòmátì olówó iyebíye, òjò á sì mú kí ewé rẹ̀ rà kó tó so. Ohun tí ilé ń jẹ lójoojúmọ́ ni kí ó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ fi tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò àti ewédú sí bẹ́ẹ̀dì kan, nítorí tẹ̀tẹ̀ ti tó já ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ má fọ́n gbogbo irúgbìn lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá ń fọ́n ìdá kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kò ní í sí ọ̀sẹ̀ tí ọwọ́ yóò bá òfo. Bẹ́ẹ̀dì kejì, ilá àti ata ni. Àwọn àlejò máa ń fi orúkọ ìlú wa àti ilá ọbẹ̀ ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ohùn wọn yàtọ̀, ẹ má dá wọn lóhùn! Ẹ fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí àárín ilá méjì. Bó bá ti ń so, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ máa já a, nítorí èyí tó bá gbó lórí igi kì í jẹ́ kí òmíràn so.

Abẹ́ òjìji tí nǹkan mìíràn kò ti fẹ́ hù, wórowó ni kí ẹ fi síbẹ̀. Abẹ́ kòkó àti obì ló ti mọ́ ọn lára láti gbé. Ẹ̀yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń dà sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ni ibẹ̀ láti ayé àwọn bàbá wa. Ó ń mu omi tí ìbá di ẹrẹ̀, ó sì ń so fún yín. Bàbá tó fẹ́ kí iwájú ilé lẹ́wà náà, kí ó gbin koríko ọba sí etí ọ̀nà. Ó tutù lójú, a sì tún ń sè é mu.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti bí oṣù kọkànlá tí ọyẹ́ á bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti gbin gbogbo ilẹ̀. Omi kànga kì í tó. Bẹ́ẹ̀dì kan ni kí ẹ dì mú, kí ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀fọ́ rẹ̀, kí ẹ máa fi omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ bu rin ín ní ìrọ̀lẹ́. Èkejì, ẹ kó ajílẹ̀ sórí rẹ̀, kí ó sinmi de òjò.

Kí ilá tó tán pátápátá, ẹ yan igi méjì tó so dáadáa jù, ẹ má já èso orí wọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ títí wọn yóò fi máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí ẹ bá mì wọ́n, kí ẹ so wọ́n rọ̀ sókè ààrò níbi tí èéfín ń dé, kí kòkòrò má baà rí wọn jẹ. Irúgbìn inú agolo tí wọ́n kọ F1 sí lára kò ṣeé tọ́jú báyìí, nítorí ọmọ rẹ̀ kì í jọ ìyá. Ṣùgbọ́n ilá ìbílẹ̀, tàbí èyí tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT ní Ìbàdàn mú jáde tí wọ́n ń pè ní NHAe 47-4, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó rà á. Nígbà tí òjò oṣù kẹrin bá tún dé, ẹ kàn na ọwọ́ sókè ààrò ni.