Ilé Onígi Kì Í Ṣe Ilé Ìtìjú

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà, pé ilé símẹ́ǹtì ni ilé ọlọ́lá, pé ilé onígi sì ni ilé òtòṣì. Èrò náà kò tọ̀nà. Ibi tí àṣìṣe rẹ̀ sì ti hàn gbangba ni Libreville, olú-ìlú Gabon.

Ìlú Òmìnira ni ìtumọ̀ orúkọ Libreville. Ní 1849 ni àwọn Faransé tẹ àwọn ẹrú tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Elizia dó síbẹ̀. Igbó ló bo ohun tí ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ Gabon lọ. Síbẹ̀, ní àdúgbò tálákà tí wọ́n ń pè ní mapane, àìrówó ni ó ń mú kí ènìyàn fi pákó kan ilé. Ẹni tí ó bá rí owó, símẹ́ǹtì ni ó ń wá. Ẹni tí ó ni igbó ń tijú igi!

Àwọn tí ń gbèjà símẹ́ǹtì a máa wí pé igi ń jẹrà, pé ikán ń jẹ ẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Igi azobé wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rì sómi, òun ni a sì ń tẹ́ sábẹ́ ojú irin rélùwéè. Òpó tí a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí òkúta, tí òrùlé sì bò lọ́wọ́ òjò, kì í tètè jẹrà. Nínú ilé tí igi jẹ́ egungun rẹ̀, òpó ni ó ń gbé òrùlé, kì í ṣe ògiri. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, a lè yọ òun nìkan, kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ṣì ń jiyàn, kí ó wo ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Michel ní Nkembo. Òpó igi 31 ni Zéphyrin Lendogno, ọmọ Gabon, gbẹ́ sí i, tí ó sì fín ìtàn Bíbélì sí wọn lára. Ta ni yóò rí wọn tí yóò pè wọ́n ní ohun òtòṣì?

Ṣùgbọ́n kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà láìsí alágbẹ̀dẹ. Nínú ìwé tí Paul du Chaillu tẹ̀ jáde ní 1861, ó yin àwọn alágbẹ̀dẹ Fang, àwọn tí ń fi igi oníhò tí a fi awọ bò ṣe ẹwìrì. Nígbà tí irin òkèèrè dé, iná ilé arọ wọn ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe irin ni ó tán, ọgbọ́n ni.

Kí ọmọ Yorùbá má fi Gabon rẹ́rìn-ín. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní nǹkan bí 1938, gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún ààfin Ìkẹ́rẹ́. Lónìí, Lọ́ńdọ̀nù ni ìlẹ̀kùn náà wà, Chicago sì ni òpó wà. Òpó Nkembo kò kúrò nílé tirẹ̀.

Ní 2010, ìjọba Gabon fi òfin de títa ìtí igi sí òkèèrè, kí iṣẹ́ igi lè máa wáyé nílé. Òfin lè dá ìtí igi dúró ní èbúté. Kò lè fi àáké lé ọmọdé lọ́wọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn. Kí olùkọ́ kó ọmọ ilé-ìwé lọ sí ilé arọ kí iná ibẹ̀ tó kú. Kí wọ́n bi àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà léèrè orúkọ igi àti ohun tí igi kọ̀ọ̀kan wà fún. Kí ó má sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó fẹ́ yọ níbẹ̀.