Ìyàwó La Fẹ́ Gbé, A Kò Fẹ́ Ṣe Ìwọ̀fà

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa òṣìṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ àti ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni a fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé kò kan ẹgbẹ́. Ó kàn án gan-an.

Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tí kò bá ní owó ìgbéyàwó a máa lọ yá a lọ́wọ́ olówó, a sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Gbogbo oko tí ìwọ̀fà bá ro, èlé lásán ni. Gbèsè kò dín. Òfin ti fòpin sí ìwọ̀fà tipẹ́, ṣùgbọ́n a ń rí àwọn tí ń gbé e padà sọ́rùn ara wọn, tí wọ́n sì ń wọ léèsì lé e lórí.

Òṣìṣẹ́ a yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a bẹ olórí àjọ kí ó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó o, a tún lọ bá olówó èlé, nítorí ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni wọn yóò ti máa gé owó rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń gé owó rẹ̀ báyìí kò lè kọ ófátáìmù. Bí fóòmáànù bá bú u, "ẹ má bínú, sà" ni. Awakọ̀ tí ó mọ̀ pé bíréèkì kò dára yóò gbé ọkọ̀ náà jáde bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá sì ní kí á daṣẹ́ sílẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ wá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe oṣù yìí." A ti gbọ́ gbólóhùn yẹn ní ẹ̀ka wa ju ìgbà kan lọ. Okùn tí ọ̀gá fi so wá mọ́lẹ̀ nìyẹn, kò sì ná an ní kọ́bọ̀.

Kí ni ìgbéyàwó gan-an ń béèrè? Ti ìjọba: ẹ ó fi orúkọ sílẹ̀, ẹ ó dúró fún ọjọ́ 21, ẹ kò sì ní jẹ́ kí ó ju oṣù 3 lọ, lẹ́yìn náà, ẹlẹ́rìí méjì, ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀, láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ti Mùsùlùmí: walí, ẹlẹ́rìí méjì, sàdáàkì, kí tọ̀tún-tòsì sì gbà. Ti ilé: ìyọ̀ǹda òbí, obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, àti àdúrà àgbà. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ wò, kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ àtíbàbà. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí á máa lẹ owó mọ́ iwájú onílù, èyí tí òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 tilẹ̀ kà sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí ìtanràn tí kò dín ní N50,000, tàbí méjèèjì. Alága ìdúró àti alága ìjókòó pàápàá, àwọn ìyàwó ilé ni ó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín. Nísinsìnyí owó iṣẹ́ ni à ń san fún wọn. (A kò bá wọn jà o, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ó fi owó tí kò ní pè wọ́n ni à ń bá wí.)

Òfin ọdún 2024 fi owó oṣù tí ó kéré jù sí N70,000. Bí aṣọ ẹbí bá jẹ́ N35,000, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ rọ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ télọ̀.

A mọ èsì tí wọn yóò fún wa: "Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń ná fún ọmọ ẹlòmíràn, ó yẹ kí tiwa náà padà." Ọ̀rọ̀ yìí le. Ìyá ìyàwó ni ó sábà máa ń sọ ọ́, òtítọ́ sì ni pé ó ti ná an. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń padà? Abọ́ oníke, páànù méjì, àti owó inú àpò ìwé tí kò tó owó ìrẹsì. Ìyókù wà lọ́wọ́ onígbọ̀ngàn. Bí ẹ bá fẹ́ san oore ìyá yẹn, ẹ gbé owó náà fún un kí ó fi kún ọjà ìsọ̀ rẹ̀.

Kí àwọn méjì tí ń fẹ́ ara wọn jókòó, kí wọ́n ka àwọn tí wọ́n mọ orúkọ wọn. Ogún ènìyàn tó. Ọgbọ̀n tó. Kí wọ́n san owó ilé ọdún kan ná, kí wọ́n tó mọ ìwọ̀n ọtí tí wọn yóò rà.

Ní ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀, a óò gbé àbá kalẹ̀ pé kí ẹ̀ka yìí má ṣe dá aṣọ fún ìnáwó ọmọ ẹgbẹ́ kankan mọ́, láti orí alága dé orí ẹni tí ó wọṣẹ́ lánàá. Owó tí à bá fi ra aṣọ, kí á dá a jọ, kí á kó o lé tọkọtaya lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn ìpàdé wa yóò wà ní ṣíṣí fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo Sátidé. Àga ogójì ni ó wà níbẹ̀, a kò sì ní yá sí i.