Ta ló ní ọkọ̀ tí a kò gbẹ́ kì í ṣe ọkọ̀?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pọ́bẹ̀, ní Sakété, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní Atakpamé. Àjàṣẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Inú ń bí mi díẹ̀, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu mi dópin ná kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ni mo ń kàn lẹ́yìnkùlé mi láti bí oṣù mẹ́ta. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń kàn án, mo ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra wọn. Bàbá kan ládùúgbò wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, yà sí wa lọ́jọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé apẹ̀rẹ̀ lò ń hun ni àbí ọkọ̀?" Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ̀ tiwa, inú igi kan ṣoṣo la ti ń gbẹ́ ẹ; èyí tí a bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ìṣeré òyìnbó ni. Àgbà ni, mo kúnlẹ̀ kí i, mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹni tó lé ní mẹ́wàá báyìí, àwọn ọ̀dọ́ náà sì ti ń sọ ọ́. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ gbangba: ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, ó sì ń pa wá lára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kò tíì rí i rí. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, igi kan tí wọ́n ń pè ní red cedar ni wọ́n sábà máa ń lò. Ó fúyẹ́, kì í sì í tètè jẹrà. Wọ́n á là á sí pákó tín-ín-rín, fífẹ̀ rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì, nínípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6. Wọ́n á gé pátákó bíi mélòó kan tó ní ìrísí ikùn ọkọ̀, wọ́n á tò wọ́n dúró sórí igi gígùn kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 30 láàárín ọ̀kan sí èkejì, bí egungun ìhà ẹja. Lórí àwọn egungun yìí ni wọ́n á ti máa tẹ́ pákó lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á máa fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀kan mọ́ èkejì, láti ẹnu ọkọ̀ lọ sí ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ náà á dojú bolẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Bó bá gbẹ, wọ́n á fá a kó dán, wọ́n á fi aṣọ tí a fi òwú dígí hun bò ó, wọ́n á da epoxy sórí aṣọ náà títí tí yóò fi mọ́ gaara. Ẹ ò ní rí aṣọ mọ́, igi nìkan lẹ ó máa rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí i padà, wọ́n á yọ àwọn pátákó egungun kúrò, wọ́n á tún ṣe inú bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó gùn tó mítà 5 lè má wúwo ju kílò 25 sí 30 lọ. Ẹnì kan ṣoṣo lè gbé e lé èjìká, kó máa rìn lọ sétí omi. Ẹ lọ gbé ọkọ̀ gbígbẹ́ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ wò, kí ẹ wá ròyìn fún mi.

Ẹni tó ní òyìnbó kò ní irú àṣà wa, tó jẹ́ pé ìṣeré ló mú wọn dé ibẹ̀, kò mọ ìtàn. Àwọn tó ni ilẹ̀ Kánádà gan-an, àwọn Algonquin àti àwọn Ojibwe, èèpo igi birch ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ wọn, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Àwọn kan níbẹ̀ sì ń gbẹ́ odindi igi bíi tiwa. Ní agbègbè Peterborough, ní Ontario, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ John Stephenson ru ọkọ̀ gbígbẹ́ tó wúwo débi pé ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kò sí ọ̀nà míràn. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá yìí ni ọkọ̀ onípákó ti gbilẹ̀ níbẹ̀, tí orúkọ ìlú náà fi kàn káàkiri. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ní Minnesota wá fi aṣọ dígí kún pákó tẹ́ẹ́rẹ́. Ní 1983 ni Ted Moores gbé ìwé Canoecraft jáde, tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà rí fi lè kan ọkọ̀ sínú ilé. Ẹrù tó wúwo lórí èjìká ẹnì kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a bojú wo tiwa. Ìrókò dà? Àràbà tó tóbi tó ọkọ̀ dà? Èyí tó kù, púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú igbó òrìṣà, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti inú odindi igi jáde, ohun tó ń sọ ni pé ká lọ gé èyí tó kù, tàbí kí ọmọ wa má ní ọkọ̀ mọ́. Ká gé igi tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún, ká gbẹ́ inú rẹ̀ dànù, ká fi ẹ̀ẹ́rún rẹ̀ dáná, kí ọkọ̀ kan ṣoṣo jáde! Igi yẹn kan náà, tí a bá là á sí pákó tín-ín-rín, iye ọkọ̀ tí yóò jáde á yà yín lẹ́nu.

Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí èbúté Àjàṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó ìyá ọlọ́jà bọ̀ láti Aguégué, púpọ̀ nínú wọn, pákó ni wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ra. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń káàkiri lórí Nokoué náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló ń pe ìyẹn ní ìṣeré òyìnbó? Àwọn bàbá wọ̀nyí ń wọ ọkọ̀ pákó lójoojúmọ́, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá sọ́dọ̀ mi wá sọ pé ọkọ̀ pákó kì í ṣe ọkọ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún apá kejì náà, kí wọ́n má rò pé mo gbè sẹ́yìn wọn. Àwọn ọmọ wa kan wà ní Kútọnu àti ní Faransé tó ní àwọn fẹ́ kàn án, ṣùgbọ́n àfi bí cedar bá ti Kánádà dé. Kí lẹ fẹ́ fi cedar ṣe? Arère ń bẹ nílé! Èyí tí Faransé ń pè ní samba, tí àwọn ará Gánà ń pè ní wawa. Òun náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ti Gánà tí ẹ ń rí létíkun Lomé. Ìwọ̀n cedar gbígbẹ jẹ́ bíi kílò 370 nínú mítà kan lóòró, lóròó àti ní gíga. Ti arère jẹ́ bíi 380. Kí ni ìyàtọ̀? Ìyàtọ̀ kan wà, n kò ní fi pamọ́: cedar lè dojú kọ omi fúnra rẹ̀, arère kò lè ṣe é, kòkòrò àti ọ̀rinrin máa ń tètè jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ dí i pa tinú tòde, kí ẹ má fi ibi kankan sílẹ̀ láìkùn. Fún ẹnu ọkọ̀ tí ọwọ́ àti àjẹ̀ ń gbá, ẹ lo tẹ́ẹ̀kì. Ó wúwo fún ikùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó dára fún ẹnu rẹ̀. Kí ẹ ṣáà nu òróró ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò já.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn, epoxy kò sì pọ́ọ́kú. Òkè òkun ló ti ń wá, òun ló ná mi lówó jù. Ó tún ní ìwà tirẹ̀. Bí ẹ bá po púpọ̀ sínú ike kan lọ́sàn-án gangan, yóò gbóná títí yóò fi máa rú èéfín, ike á yọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó. Àárọ̀ ni mo kọ́kọ́ kun tèmi, mo rò pé mo gbọ́n. Nígbà tí oòrùn gòkè, atẹ́gùn inú igi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, gbogbo ara ọkọ̀ yọ ìléròrò bí ẹni tí ilẹ̀ gbóná mú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi fá a kúrò. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ máa kùn ún, nígbà tí igi bá ń tutù lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ẹni tó bá jẹ́ kó máa kan ara òun, awọ rẹ̀ á máa yún un nígbàkúùgbà. Ẹ dí imú yín nígbà tí ẹ bá ń fá aṣọ dígí. Eruku yẹn kì í ṣe eruku ìyẹ̀fun. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má gbé irú ọkọ̀ yìí kojú ìgbì òkun ní Grand-Popo, tàbí kó fi kó yanrìn. Ọkọ̀ ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni, fún àwọ̀n, fún ìwọ̀, fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé lórí ọ̀sà.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ni pé ọmọkùnrin méjì tó kọ́ṣẹ́ káfíńtà wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn mọ́ṣẹ́, mo mọ̀ wọ́n. Ilẹ̀kùn alumíníọ́mù àti àga tó ń ti Ṣáínà wọlé ti gbàṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, zémíjàn ni àwọn méjèèjì ń gùn báyìí ní Kútọnu. Ìfági wọn wà nílé, ó ń dípẹtà. Iṣẹ́ tó bá ọwọ́ wọn mu nìyí, ohun tí wọ́n sì gbọ́ lẹ́nu àgbà ni pé kì í ṣe iṣẹ́ wa. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ bínú sí mi bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má sọ irú rẹ̀ mọ́ níwájú àwọn ọmọ.

Àkọ́bí nínú àwọn méjèèjì yà lálẹ́ àná nígbà tó ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Kò sọ nǹkan kan nípa apẹ̀rẹ̀. Ó yẹ etí pákó tó kẹ́yìn wò, ó ní mo fá a jù lápá òsì. Òótọ́ ni. Ó ku pákó mọ́kànlá kí ìdí ọkọ̀ náà tó pa dé, ó sì ní òun á mú ìfági òun wá ní ọjọ́ Sátidé.