Díẹ̀ Ni Wọ́n Fi Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí dókítà bá kọ oògùn Ritalin fún ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, mílígíráàmù 5 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Òbí lè rò pé ó kéré jù. Kò kéré. Oògùn yìí lè mú kí oúnjẹ má wu ọmọ jẹ, kí oorun dá lójú rẹ̀, kí àyà rẹ̀ máa sáré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í kún díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó padà sọ́dọ̀ dókítà ní ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Kó má fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì Ifẹ̀, láti Lágere dé Sábó, ẹ má tà á fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi ṣàìsùn ìdánwò.